Pátákó Tí Ṣigeno Jókòó Lé

Bí èèyàn méjì bá gbé ilé tó fara kanra fún ogún ọdún, tí wọn ò bá di ọmọ ìyá, wọn á di ọ̀tá. Ṣigeno àti Tokuyo ò di ọmọ ìyá.

Igi kákì, igi eléso kan, ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé Ṣigeno ni wọ́n gbìn ín sí, ṣùgbọ́n igi ò mọ ààlà. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, ewé rẹ̀ á máa já lu àgbàlá Tokuyo tọ̀sán-tòru. Lọ́dún kan, Tokuyo gbá gbogbo ewé náà jọ, ó rọ ọ́ sínú àpò mẹ́ta, ó tò wọ́n sẹ́nu géètì Ṣigeno, ó sì fi ìwé pélébé lé e lórí: “Ẹrù yín rèé o.”

Ṣigeno náà ò gbàgbé. Ojúlé mẹ́wàá ló wà ní àdúgbò wọn, ipò olórí àdúgbò sì ń yí láti ojúlé kan bọ́ sí èkejì lọ́dọọdún. Nígbà tó yí kàn án ní oṣù kìíní, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó lọ yẹ àpò pàǹtí Tokuyo wò níbi tí wọ́n ń kó o sí. Ó bá ike ọṣẹ kan, tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, láàárín pàǹtí tí wọ́n máa ń sun. Ó lẹ ìwé pupa mọ́ àpò náà, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta kí tọmọdé-tàgbà lè rí i. Láti ọjọ́ náà, “ẹ” tí àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀gún ló kún inú rẹ̀.

Ìyẹn ló wà nílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ọdọọdún tí àdúgbò máa ń lọ wo igi sákúrà tó bá tanná fi dé.

Ní ìparí oṣù kejì ni wọ́n pàdé ní gbọ̀ngàn àdúgbò láti pinnu ibi tí bọ́ọ̀sì máa gbé wọn lọ. Tíì gbígbóná wà níwájú oníkálukú. Tokuyo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọgbà ilé olódi ni ká lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, wọ́n ń ta núdù díndín, ilé ìtọ̀ sì wà nítòsí. Kí la tún ń wá?”

“Tẹ́ńpìlì orí òkè Takimine ló yẹ ká lọ,” ni Ṣigeno fèsì. “Igi sákúrà ibẹ̀ ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Kò sí irú rẹ̀ nínú ọgbà kankan.”

“Àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ mélòó?”

“Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.”

“Ẹ gbọ́ ná! Orúnkún ta ni wọ́n fẹ́ fi gùn ún? Olórí àdúgbò fẹ́ kó gbogbo wa lọ sin sórí òkè ni.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú ife tíì wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Iwao, ọkọ Ṣigeno, agbẹ́kùúta ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nígbà tó gbẹ́ gbogbo òkúta àtẹ̀gùn Takimine, tó sì tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, orí àga onítáyà ló wà báyìí. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin, ọmọbìnrin wọn ń bọ̀ wá mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Osaka. Nǹkan kan ṣoṣo ni Ṣigeno ti ṣèlérí fún un: “Bàbá, kí ẹ tó kúrò nílé yìí, ẹ máa rí igi yẹn tó bá tanná.”

Ryohei, ọmọ Tokuyo, ló nawọ́ sókè. Géńdé tí apá rẹ̀ le bí òpó ni. “Bàbá Iwao ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gbé ojúbọ alágbèéká lọ́jọ́ ọdún. A máa so àga wọn mọ́ ọ̀pá, a máa gbé wọn gòkè.” Àwọn ìbejì Inokuma láti ojúlé kẹta ní àwọn wà níbẹ̀. Tíṣà Ochiai tó ń gbé ojúlé kẹrin náà ní òun wà níbẹ̀. Ó pé mẹ́rin, igun mẹ́rin ọ̀pá méjì. Tokuyo wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó bá ejò nínú bàtà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin.

Sákúrà kì í bá èèyàn ṣàdéhùn. Oòrùn oṣù kẹta mú ju ti ìṣáájú lọ, tẹlifíṣọ̀n ń kéde lójoojúmọ́ pé òdòdó ti ń gun àríwá bọ̀ kíákíá. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, àlùfáà tẹ́ńpìlì pe Ṣigeno lórí fóònù. Ó ní tó bá fi máa di Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà, igi náà máa tanná tán pátápátá, òjò ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kẹtàlá, ẹ̀ka ló máa wá wò.

Ṣigeno pe àwọn onímọ́tò, wọ́n gbà láti wá ní ọjọ́ kẹfà. Ó kọ ọjọ́ tuntun sórí ìwé, ó fi há ara pátákó àgbéká.

Ní àdúgbò yẹn, ohun tí kò bá sí lára pátákó àgbéká, kò tíì ṣẹlẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ ni, irin kan wà lórí rẹ̀ tó ń di ìwé mú, àpótí kéékèèké mẹ́wàá sì wà nísàlẹ̀ ìwé. Olórí àdúgbò á gbé e fún ojúlé kejì. Ẹni ibẹ̀ á kà á, á fi òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ lù ú, á gbé e fún ojúlé kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa yípo padà dé ọwọ́ olórí. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tí pátákó ń sọ. Wọ́n gbà pé bóyá o fẹ́ bóyá o kọ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.

Ojúlé kìíní ni Ṣigeno. Ojúlé kejì ni Tokuyo.

Ó gbé pátákó sábẹ́ apá, ó jáde. Tokuyo wà lẹ́nu géètì tirẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Kò sí ewé kankan nílẹ̀ ní oṣù kẹrin, síbẹ̀ ó ń gbá a. Bó ṣe rí Ṣigeno, ó na ìgbálẹ̀ sí igi kákì.

“Ẹ̀yin olórí wa, ọdún yìí ńkọ́? Ṣé ẹ máa gé e ni àbí kí n tún ra àpò sí i?”

“Bí wọ́n bá ń gé igi nígbó, kí wọ́n fi ọ̀ràn ro ara wọn wò,” ni Ṣigeno dá a lóhùn. Ó ní kí òun wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé fún obìnrin yìí, kí òun tẹríba, kó jẹ́ Tokuyo ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Láéláé! Ó kọjá lọ. Ó kọjá ojúlé kejì, ó kọjá ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ó di ẹnu ọ̀nà ìyàwó Kurata ní ojúlé kẹfà.

“Háà, ọ̀dọ̀ wa ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ni?” ni ìyàwó Kurata bi í.

“Ọ̀dọ̀ yín ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti ń ṣáájú tipẹ́, kí wọ́n ṣe ìrù díẹ̀.”

Ó padà sílé, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó jẹ oyin. Kò ro ó síwájú. Ohun tó bá ń yípo, ibi tí èèyàn ń sá fún náà ló máa gbà padà. Láti ojúlé kẹfà pátákó lọ sí ìkeje, ó lọ títí dé ìkẹwàá, lọ́jọ́ Ọjọ́rú ẹni ojúlé kẹwàá sì gbé e wá síbi tó ti ń gbé e wá láti ogójì ọdún: ẹnu ọ̀nà olórí. Òǹtẹ̀ pupa márùn-ún wà lára rẹ̀. Àpótí márùn-ún ṣófo, ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó kàn láti gbé e fún ni Tokuyo.

Ṣigeno dúró ní ẹnu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ó wọ bàtà, ó bọ́ bàtà. Nígbẹ̀yìn, ó ti pátákó náà sínú àpótí bàtà, sábẹ́ bàtà òjò. Ó ní tó bá di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń da pàǹtí, òun á rí Ryohei, òun á fi ẹnu sọ fún un. Ọjọ́bọ̀ dé, Ryohei ti lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tokuyo ló gbé pàǹtí wá. Òun pẹ̀lú Ṣigeno tẹríba fún ara wọn, wọ́n sọ pé ojú ọjọ́ dára, oníkálukú gbọ̀nà tirẹ̀. Ṣigeno ní òun á lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbejì. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ gbé pátákó fò kọjá ojúlé kejì kó dé ìkẹta, kí wọ́n má bi í pé òǹtẹ̀ Tokuyo dà? A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n fìlà Ṣigeno ti wà ní ìbàdí láti ọjọ́ Ajé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ń wé ìrẹsì. Ìrẹsì tí wọ́n fi ọtí kíkan pò, ẹja oníyọ̀ pẹlẹbẹ lórí rẹ̀, ewé kákì tó ti tọ́jú sínú iyọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń wé e. Ó ti wé ogójì. Ó gbọ́ ìró táyà àga Iwao láti ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí àpótí bàtà ṣí.

“Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

“Bàtà ìgbẹ́kùúta mi. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ lọ́la.” Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. “Màmá. Wá.”

Pátákó wà lórí itan rẹ̀. Ìka rẹ̀ tó nípọn ń lọ láti àpótí dé àpótí.

“Márùn-ún. Níbo ni àwọn tó fẹ́ gbé mi wà?”

Ṣigeno nu ọwọ́ sára aṣọ ìdáná rẹ̀.

“Mo ní níbo ni wọ́n wà? Ryohei dà? Àwọn ìbejì dà? Gbogbo àwọn tó lu òǹtẹ̀ níbí yìí, ẹnu nìkan ni wọ́n lè fi gbé mi!”

“Mo fẹ́ sọ fún wọn...”

“O fẹ́ sọ fún wọn, o jókòó lé e. Nítorí ewé! Mo to òkúta mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, ìwọ wá to ọ̀kan sí i, o gbé e lé mi láyà.” Ó yí àga náà sí ẹnu ọ̀nà. “Ṣílẹ̀kùn. Èmi fúnra mi ni màá lọ bẹ̀ ẹ́.”

Ìyẹn ni Ṣigeno ò lè fara dà. Kí Tokuyo rí Iwao lórí àga lẹ́nu géètì rẹ̀, kó máa bẹ̀bẹ̀! Ó já pátákó gbà lórí itan rẹ̀, ó fi aṣọ ìdáná jáde bẹ́ẹ̀.

Kò tíì kanlẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Tokuyo dúró, òǹtẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ọjọ́ márùn-ún! Mo ti rò pé ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ máa dé. Ìdí yín le ju bí mo ṣe rò lọ.”

“Ẹ ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyàwó Kurata béèrè lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń ra ẹja, ó ní kí ni màá sè lọ ní ọjọ́ kẹfà. Mo ní háà, kẹfà kẹ̀? Mo bá dákẹ́.”

“Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún Ryohei?”

“Ìwé tí kò dé ọwọ́ mi, ṣé èmi ni màá kà á sétí ọmọ mi? Òǹtẹ̀ mi dà lára rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe ìrù. Ìrù kì í sọ̀rọ̀.”

Ó ṣe Ṣigeno bíi kó fi pátákó náà là á lórí. Ṣùgbọ́n ó rántí ìka Iwao lórí àpótí òfìfo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na pátákó sí Tokuyo, ó sì tẹríba.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa,” ni Tokuyo wí. “Mi ò tíì rí ẹ̀yìn ọrùn yín.”

Ṣigeno tẹ̀ ẹ́. Tokuyo wo ẹ̀yìn ọrùn náà títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá fi ẹnu fẹ́ òǹtẹ̀, ó gbé e lé inú àpótí kejì, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọba tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀.

“Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Ká lọ síbo?”

“Ojúlé kẹta. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ látẹnu yín.”

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Àwọn méjèèjì jọ rìn láàárín àdúgbò, àwọn tó wà lójú fèrèsé sì rò pé ayé ti fẹ́ parí. Ìyá àwọn ìbejì ló ṣílẹ̀kùn.

“Ẹ má bínú,” ni Ṣigeno wí, “ọ̀la la máa lọ. Ìwé náà pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi.”

“Ọwọ́ wo?” ni Tokuyo sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ẹrẹ̀ bàtà òjò tó gbẹ mọ́ ẹ̀yìn pátákó. “Abẹ́ bàtà ni.”

Àwọn ìbejì ní àwọn á wá. Ní ojúlé kẹrin, ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn: Tíṣà Ochiai ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ọjọ́ kẹjọ ló máa dé. Ìrìn-àjò ọjọ́ kẹtàlá ló wà lọ́kàn rẹ̀, kí ló fẹ́ mú un dúró?

Ó wá ku mẹ́ta. Igun mẹ́rin, èèyàn mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè Takimine. Láti ìsàlẹ̀ yẹn wọ́n ń rí orí igi náà lókè, ó funfun, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ dà wálẹ̀ bí irun obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Atẹ́gùn kan fẹ́, òdòdó díẹ̀ já. Ìkùukùu dúdú ti ń kóra jọ ní ìwọ̀ oòrùn.

Ryohei àti àwọn ìbejì so àga mọ́ ọ̀pá méjèèjì. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo àwọn ọkùnrin yòókù. Nínú àwọn ọkùnrin yòókù, ẹni tí ẹ̀yìn ò bá dùn, àyà ló ń dùn ún.

“Màmá,” ni Iwao sọ láìwo Ṣigeno, “mo ti rí i láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà.”

Ṣigeno ò lè gbé ojú sókè. Ẹnikẹ́ni ò bú u, ìyẹn ló burú jù.

Tokuyo pòṣé. Ó bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó jù ú sọ́wọ́ ìyàwó Kurata, ó di aṣọ mọ́ orí gírígírí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ru àpótí ẹja lọ́jà ẹja, ọrùn rẹ̀ ò tíì gbàgbé. “Ẹ kúrò níbẹ̀. Mi ò fi owó bọ́ọ̀sì wá wo ìdí òkè.” Ó gbé èjìká sábẹ́ igun kẹrin. Ó gbé e sókè, ó tẹ̀. Ó tún gbé e. Igun náà wà nílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ó yíjú sí Ṣigeno. “Kí lẹ dúró ń wò? Ọkọ ta ni?”

Ṣigeno ki èjìká rẹ̀ bọ abẹ́ igun kan náà. Wọ́n gbéra.

“Ẹ ń fà á sọ́dọ̀ yín,” ni Tokuyo wí lórí àtẹ̀gùn kẹfà.

“Ẹ̀yin lẹ kúrú.”

“Kúkúrú ló ń gbé e. Gígùn tó jókòó lé pátákó, kí ló gbé rí?”

“Ẹ kó ẹnu yín sójú ọ̀nà, ẹ ń mí sí mi lọ́rùn.”

“Ọrùn tí mo ti rí lánàá ni, mi ò pè é ní tuntun.”

“Ẹ̀yin obìnrin méjèèjì,” ni Iwao ké láti orí àga, “ẹ má jù mí sílẹ̀ kí ẹ tó parí ìjà yín!”

Àwọn ìbejì ń rẹ́rìn-ín, àga ń mì. Wọ́n sinmi lórí àtẹ̀gùn ogún, wọ́n sinmi lórí ogójì. Iwao ń wo òkúta tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó ń kà wọ́n sínú. “Ẹni tó tún ìkẹtàdínláàádọ́rin yìí tò, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́,” ni ó ráhùn. Nígbà tí wọ́n dé àádọ́rùn-ún, Ṣigeno ò rí ohunkóhun mọ́ àfi bàtà Tokuyo tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró, Tokuyo á sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Kò dúró. Tokuyo náà ò dúró, ó sì dá Ṣigeno lójú pé ìdí kan náà ni.

Wọ́n gbé Iwao kalẹ̀ sí abẹ́ igi. Òdòdó yí i ká, ó kan orí rẹ̀, ó kan eékún rẹ̀ tó ti kú. Ó nawọ́ di ẹ̀ka kan mú, ó rọra tú u sílẹ̀, ó tún dì í mú.

Wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó. Ibi kan ṣoṣo ló kù fún Tokuyo, ẹ̀gbẹ́ Ṣigeno sì ni. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ṣigeno ṣí abọ́ ìrẹsì, ó gbé e káàkiri, nígbà tó kan Tokuyo ó tì í sí i.

Tokuyo mú ọ̀kan, ó tú ewé rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó ronú.

“Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.”

A kì í gbà pé ọ̀tá ẹni pa òdù ọ̀yà. Ó mú ìkejì. Ó mú ìkẹta. Lẹ́yìn ìkẹrin, ó nu ẹnu, ó to ewé kákì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn, ó gbé wọn lé orí itan Ṣigeno.

“Ẹrù yín rèé o,” ló wí.